Fàdákà Carausius: Ọ̀gágun tí Wọ́n Pè ní Olè, tó ń San Owó Gidi

Nígbà tó fi máa di ọdún 286, owó fàdákà ilẹ̀ Róòmù ti di fàdákà orí ahọ́n lásán. Bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó náà. Wọ́n kàn fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú ni, kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ná an tí fàdákà ojú rẹ̀ fi ń ṣí, tí bàbà á sì yọjú. Ní àkókò yẹn gan-an ni ọ̀gágun kan, tí olú-ọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa, gba erékùṣù Bìrìtéènì mọ́ ìjọba lọ́wọ́, ó fi ara rẹ̀ jẹ olú-ọba níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu owó tí fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Carausius ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ọdún méje ló lò lórí oyè kí ẹni tó sún mọ́ ọn tó pa á.

Gbogbo ohun tí ìwé àtijọ́ sọ nípa ọkùnrin yìí, ẹnu àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló ti wá. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìyìn níwájú àwọn olú-ọba tó dìtẹ̀ mọ́ ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu wọn. Olè ojú omi ni wọ́n ń pè é. Bí a bá yọ òkúta ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kúrò, owó rẹ̀ nìkan ló kù tí a lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu òun alára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gbà mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé fàdákà yẹn gbé ìjọba rẹ̀ ró ju ọkọ̀ ogun rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ogun ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fàdákà ṣe tán nínú owó wọn, torí láìsí ìyẹn, ohun tí Carausius ṣe kò ní wúwo lójú ẹni. Láyé Augustus, olú-ọba àkọ́kọ́, dínárì kan, ìyẹn owó fàdákà wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì fàdákà, 84 ni wọ́n sì ń lù jáde láti inú ìwọ̀n pọ́n-ùn Róòmù kan. Nero dín in kù lọ́dún 64: 84 di 96, ó sì tún po bàbà mọ́ ọn. Septimius Severus, tó jagun gorí oyè ní 193, ní ọmọ ogun púpọ̀ tí yóò sanwó fún. Nígbà tiẹ̀, dínárì sún mọ́ ìlàjì fàdákà, ìlàjì bàbà. Ọmọ rẹ̀, Caracalla, wá mú owó tuntun jáde ní 215, èyí tí orí ọba tó wà lójú rẹ̀ dé adé oníìtànṣán bíi ti oòrùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé dínárì méjì ni wọ́n kà á sí, bẹ́ẹ̀ fàdákà inú rẹ̀ kò ju ti dínárì kan àbọ̀ lọ. Ìjọba ń bu bàbà lu fàdákà bí adẹ́mu aláìṣòótọ́ ṣe ń bu omi lu ẹmu, àwọn aráàlú sì tọ́ ọ wò, wọ́n mọ̀. Owó àtijọ́ tó dára, wọ́n rì í mọ́lẹ̀; èyí tí kò dára ni wọ́n ń ná.

Láti 235 títí dé 284, ó lé ní ogún olú-ọba tó jẹ ní Róòmù, àwọn tó kú sórí ibùsùn nínú wọn kò tó nǹkan. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ṣáá: àwọn ọmọ ogun á gbé ọ̀gá wọn sórí oyè, ọ̀gá náà á sì ní láti fún wọn lówó ìdúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé wọ́n gbé ẹlòmíràn. Fàdákà tó wà nílẹ̀ kò lè tó irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ní 260, Shapur ọba Páṣíà mú olú-ọba Valerian láàyè lójú ogun, Gaul, ìyẹn agbègbè ilẹ̀ Faransé òde òní, àti Bìrìtéènì sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gágun mìíràn tí ń jẹ́ Postumus. Nígbà tí Claudius Kejì fi ń jọba, láàárín 268 sí 270, fàdákà inú owó ti já wálẹ̀ sí ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìwé àṣẹ kan wà tí wọ́n rí ní Oxyrhynchus ní ilẹ̀ Íjíbítì, láti nǹkan bí 260. Ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ti ti ilé ìṣòwò wọn pa torí pé wọn ò fẹ́ gba owó mímọ́ ti àwọn olú-ọba. Ó pàṣẹ fún wọn kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n sì gba gbogbo owó, àfi èyí tó bá jẹ́ àyédèrú. Mi ò mọ ohun tó tún lè fi ìṣubú owó hàn ju kí ìjọba máa fi ìyà dẹ́rù ba onípàṣípààrọ̀ kó lè gba owó ìjọba fúnra rẹ̀. Ní Róòmù pàápàá, láyé Aurelian, àwọn òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n ti ń lu owó dìde ogun sí ọba. Àwọn òpìtàn àtijọ́ sọ pé bí 7,000 ọmọ ogun ló kú nínú ìjà yẹn. Aurelian tún owó náà ṣe ní 274, ó kọ XXI sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ fàdákà inú rẹ̀ kò ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Bìrìtéènì wà ní ìpẹ̀kun ayé wọn. Owó tuntun ti Aurelian kì í sábà débẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń ná èyí tí àwọn ọba Gaul fi sílẹ̀, ìgbà tí kò sì tó, wọ́n ń rọ tiwọn: bàbà kéékèèké tí ẹni tó gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀wé, tí lẹ́tà ara rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, tí òmíràn nínú wọn kò ju èékánná ọmọdé lọ. Irú owó yìí ló kún ọjà nígbà tí Carausius dé.

Ọmọ ẹ̀yà Menapii ni, láti etí òkun tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní. Ilé tálákà ni wọ́n ti bí i. Òpìtàn Róòmù kan, Aurelius Victor, sọ pé iṣẹ́ atukọ̀ ló ń ṣe nígbà èwe rẹ̀ kó tó wọṣẹ́ ogun. Lọ́dún tí Maximian, ẹni tí òun àti Diocletian jọ ń ṣàkóso Róòmù, lọ pa iná àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bagaudae ní Gaul, Carausius fakọ yọ. Maximian wá gbé ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tó wà ní Boulogne, ní etíkun Gaul, lé e lọ́wọ́, kó lọ gbá àwọn ajalèlókun Frank àti Saxon kúrò lójú omi. Ó sì gbá wọn. Ẹ̀sùn tó tẹ̀ lé e ni pé ó máa ń dúró kí àwọn olè kọ́kọ́ kó ẹrù àwọn ènìyàn tán, á wá dá wọn lọ́nà bí wọ́n ṣe ń padà lọ, á gba ẹrù náà, kò sì ní dá a padà fún àwọn tó ni ín, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi ránṣẹ́ sí olú-ọba. Maximian pàṣẹ pé kí wọ́n pa á. Ìròyìn náà dé etí rẹ̀ kí àwọn tí wọ́n rán láti pa á tó dé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀sùn yìí. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ọ̀tá ni, ó jẹ́ ká mọ ìṣòro tó bá a wọ erékùṣù náà. Ní Bìrìtéènì àti ní Boulogne, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń dá olú-ọba sílẹ̀ tí wọ́n sì ń pa á láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọba, owó náà sì ń burú sí i. Ọkùnrin tí wọ́n pè ní olè ló wá ń sọ fún wọn pé òun ni ọba tòótọ́. Kí ni yóò fi hàn wọ́n?

Fàdákà ni. Dínárì tó lù sún mọ́ gíráàmù mẹ́rin, fàdákà inú rẹ̀ sì dára débi pé a ní láti padà sẹ́yìn kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún ká tó rí irú rẹ̀ nínú dínárì tí ìjọba fi ń sanwó. Ó tún fi adé ewé dé orí ara rẹ̀ lára owó náà dípò adé oníìtànṣán, bí àwọn ọba ìgbà dínárì gidi ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá mú un dání pẹ̀lú owó bàbà ti Maximian kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá sì fi ehín gé e tàbí kí a fi ọ̀bẹ ha á lójú, funfun kan náà ni yóò jáde.

Bí wọ́n ṣe ń lù ú kò ju báyìí lọ: òǹtẹ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́ igi, wọ́n á gbé ègé fàdákà lé e, wọ́n á gbé òǹtẹ̀ kejì lé fàdákà náà lórí, wọ́n á sì fi òòlù lu òǹtẹ̀ òkè. Ojú owó á mú orí ọba, ẹ̀yìn rẹ̀ á mú àwòrán mìíràn. Orí Carausius kò ṣe é ṣì mọ̀. Ọrùn rẹ̀ ki bíi ti akọ màlúù, irùngbọ̀n rẹ̀ gba gbogbo àgbọ̀n, ojú rẹ̀ tẹjú mọ́ iwájú. Ó dà bíi pé kò sí ẹni tó gbìyànjú láti sọ ọ́ di arẹwà, mo sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, torí ọ̀gágun ni àwọn ọmọ ogun fẹ́ rí.

Ẹ̀yìn owó náà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Lára àwọn kan, ọkọ̀ ogun ni, pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n kọ FELICITAS AVG sí lókè, ìyẹn oríire olú-ọba. Lára àwọn mìíràn, ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn ni, CONCORDIA MILITVM, ìṣọ̀kan àwọn ọmọ ogun. Obìnrin kan wà tó jókòó ń fún wàrà lára màlúù, tí VBERITAS, ọ̀pọ̀ yanturu, wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn màlúù yìí gidigidi. Bí olú-ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba erékùṣù bá fẹ́ sọ fún àwọn darandaran ibẹ̀ pé oúnjẹ yóò wà, kò sí ọ̀nà tó ṣe tààrà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkookò tó ń fún ìbejì lọ́mú náà wà, Romulus àti Remus tí wọ́n dá ìlú Róòmù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni RENOVATOR ROMANORVM tàbí irú rẹ̀: ẹni tó sọ àwọn ará Róòmù dọ̀tun. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé òun ń kúrò nínú ìjọba Róòmù. Ohun tó ń sọ ni pé Róòmù gan-an ló wà lọ́dọ̀ òun, àti pé òun ló ń tún un ṣe.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni owó tí wọ́n kọ EXPECTATE VENI sí. Ẹnì kan tó ṣojú Bìrìtéènì dúró, ó na ọwọ́ sí olú-ọba, àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú. "Máa bọ̀, ìwọ tí a ti ń retí" ni ọ̀rọ̀ náà. Virgil, akéwì Róòmù, ló ni gbólóhùn tó jọ ọ́, nínú ìwé kejì Aeneid rẹ̀, níbi tí Aeneas ti rí Hector lójú àlá tó sì bi í pé láti èbúté wo ni ìwọ tí a ti ń retí ti wá. Gbogbo ọmọ tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Róòmù ló ń há Virgil sórí. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù láti gbà pé atukọ̀ ọmọ Menapii lè mú ọ̀rọ̀ akéwì ńlá sórí owó, títí di ìgbà tí ohun mìíràn jáde.

Nísàlẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn owó fàdákà náà, níbi tí wọ́n máa ń kọ àmì ìlú tí wọ́n ti lù ú sí, lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: RSR. Kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé orúkọ oyè akápò ìjọba ni lẹ́tà náà dúró fún. Ní ọdún díẹ̀ kí ọ̀rúndún ogún tó parí, òpìtàn Guy de la Bédoyère wá wo owó ńlá onídẹ kan ti Carausius tó wà ní British Museum, èyí tí wọ́n kọ INPCDA sí ní ibi kan náà. Ó rí i pé bí a bá to lẹ́tà méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ewì Virgil ni wọ́n jẹ́, nínú Eclogue kẹrin: redeunt Saturnia regna, iam nova progenies caelo demittitur alto. Ìjọba Saturn ti ń padà bọ̀; láti ọ̀run gíga ni a ti ń rán ìran tuntun sọ̀kalẹ̀. Láyé Saturn, gẹ́gẹ́ bí àwọn akéwì wọn ti sọ, wúrà ni ayé, kò sí ogun, ilẹ̀ ń mú èso wá fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo ní láti tún un kà. Ọkùnrin tí olú-ọba ń wá láti pa, tí kò ní ju erékùṣù kan àti etí òkun Gaul díẹ̀ lọ, fi ìlérí ayé wúrà sí ìsàlẹ̀ owó fàdákà ní lẹ́tà mẹ́ta, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan yóò mọ̀ ọ́n. Àwọn wo ni? Ọmọ ogun tó wà lẹ́sẹ̀ ogiri Hadrian ní àríwá Bìrìtéènì lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ̀, ó mọ ìkookò, ó mọ ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó kàwé ni RSR wà fún. Owó kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, olúkúlùkù ní èdè tó yé e. Fàdákà ló sì mú kí àwọn méjèèjì gbà á gbọ́, torí ìlérí tí wọ́n bá kọ sára bàbà, wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọba.

Ó tún lu owó tí orúkọ àwọn lígíónì, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńláńlá Róòmù, wà lára rẹ̀. Kejì Augusta àti ogún Valeria Victrix tó wà ní Bìrìtéènì wà níbẹ̀, èyí kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún kọ orúkọ àwọn tí ibùdó wọn wà létí odò Rhine, bíi kìíní Minervia àti ọgbọ̀n Ulpia, títí kan kẹrin Flavia àti keje Claudia tí ilé wọn wà lọ́hùn-ún létí Danube. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ ogun díẹ̀ láti inú wọn ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú tí èmi fi wò ó ni pé ó tún ń ránṣẹ́ sí àwọn tó kù nílé: ẹ wá, owó wà níbí.

Kò sí ìgbà tí fàdákà yìí pọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú ilẹ̀ nínú pápá kan lẹ́bàá Frome ní Somerset rí ìkòkò ńlá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó ṣe ohun tó dára: kò fa ìkòkò náà yọ, ó ké sí àwọn awalẹ̀pìtàn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, owó 52,503 ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo tó nǹkan bí 160 kílò. Owó bàbà oníìtànṣán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ti Carausius lé ní 760, márùn-ún péré nínú wọn sì ni dínárì fàdákà. Mùsíọ́mù Somerset ra gbogbo rẹ̀ ní £320,250.

Márùn-ún nínú 52,503. Òǹkà yìí sọ ohun tí fàdákà náà wà fún. Kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì lọ́jà. Bàbà ni wọ́n ń ná lọ́jà, Carausius fúnra rẹ̀ sì lu bàbà náà ní ọ̀pọ̀ yanturu, òmíràn nínú wọn tó jẹ́ pé orí owó àwọn ọba Gaul àtijọ́ ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀ tuntun lé, tí ojú ọba tẹ́lẹ̀ ṣì ń hàn lábẹ́ tiẹ̀. Owó ìdúpẹ́ ni fàdákà, èyí tí wọ́n ń kó lé ọmọ ogun àti ọ̀gá lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ọba bá gorí oyè tàbí tó bá wọ̀lú. ADVENTVS, ìwọ̀lú, wà lára àwọn àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú olú-ọba lórí ẹṣin. Ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀ ni wọ́n lu púpọ̀ jù nínú rẹ̀, ìgbà tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú pé yóò pẹ́ níbẹ̀.

Ó sì pẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 289, asọ̀rọ̀ ìyìn kan dúró níwájú Maximian, ó ní ọkọ̀ ogun tí yóò lọ mú olè náà ti wà ní sẹpẹ́. Ní 291, asọ̀rọ̀ mìíràn dúró, kò sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ náà. Ní 297, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, wọ́n wá sọ pé ojú ọjọ́ ni kò dára. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìjọba ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ìdáwọ́lé rẹ̀ bá forí ṣánpọ́n yóò mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ 291 túmọ̀ sí.

Láàárín àkókò yìí ni Carausius lu owó kan tó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Orí mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, tí wọ́n tò léra: tirẹ̀, ti Diocletian àti ti Maximian. CARAVSIVS ET FRATRES SVI, Carausius àti àwọn arákùnrin rẹ̀. PAX AVGGG wà lẹ́yìn rẹ̀, àlàáfíà àwọn olú-ọba mẹ́ta, G mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́ta. Ó tún ń lu owó lórúkọ àwọn méjèèjì ní ilé tí wọ́n ti ń lu owó tirẹ̀. Àwọn tó pè ní arákùnrin kò fìgbà kankan lu owó kan lórúkọ rẹ̀. Bàbà sì ni owó ìbẹ̀bẹ̀ yìí. Fàdákà ti dáwọ́ dúró kó tó dìgbà náà, ohun tí mo sì rò nípa rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn ọmọ ogun sọ yàtọ̀ sí èyí tó ń bá Diocletian sọ. Diocletian kò nílò kí wọ́n fi owó mú òun gbà pé Carausius lágbára.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 293, wọ́n fi Constantius jẹ Késárì, ìyẹn igbákejì olú-ọba, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni Boulogne. Ó gbá igi mọ́lẹ̀ ní ẹnu èbúté, ó kó òkúta dí i, ọkọ̀ kò lè wọlé, ọkọ̀ kò lè jáde. Ìlú náà túúbá. Asọ̀rọ̀ ìyìn rẹ̀ sọ pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìgbì òkun ya odi omi náà, bí ẹni pé òkun gan-an ti ń dúró de àṣẹ. Carausius pàdánù apá Gaul rẹ̀. Láàárín ọdún yẹn náà, Allectus, akápò rẹ̀, ẹni tí gbogbo owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, pa á, ó sì gorí oyè.

Allectus lo ọdún mẹ́ta. Ó lu wúrà, ó lu bàbà, ó sì lu owó kékeré tó ní ọkọ̀ ogun lẹ́yìn. Kò lu dínárì fàdákà kankan. Ní 296, Constantius rán ọkọ̀ ogun ní ọ̀wọ́ méjì. Èyí tí Asclepiodotus ń darí gba inú kùrukùru kọjá lẹ́bàá Isle of Wight láì jẹ́ kí ọkọ̀ Allectus rí i, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ ara wọn kí ẹnikẹ́ni má baà ronú àtipadà. Wọ́n pa Allectus lójú ogun. Ó ti bọ́ aṣọ oyè sọnù kó tó kú. Àwọn Frank tó gbà ṣiṣẹ́ ogun forí lé Lọ́ńdọ́nù láti lọ kó o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Constantius tí kùrukùru ti mú ṣìnà kọ́kọ́ débẹ̀. Owó wúrà ńlá kan tí wọ́n hú jáde ní Beaurains, lẹ́bàá Arras ní ilẹ̀ Faransé, ní 1922, ya àwòrán ọjọ́ náà: obìnrin tó dúró fún Lọ́ńdọ́nù kúnlẹ̀ níwájú ẹnubodè ìlú, Constantius ń bọ̀ lórí ẹṣin, ọkọ̀ wà lórí omi Thames, wọ́n sì kọ ọ́ pé òun ló dá ìmọ́lẹ̀ ayérayé padà. Ó wá dọ́gba: ẹni tó ṣẹ́gun náà mọ̀ pé orí irin olówó iyebíye ni wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí 294, nígbà tí Allectus ṣì wà lórí oyè, Diocletian mú owó fàdákà tuntun jáde fún gbogbo ilẹ̀ Róòmù. Fàdákà gidi ni, 96 nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, gẹ́gẹ́ bí ti Nero. Lára àwọn kan, wọ́n kọ XCVI gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè hàn sí ẹni tó bá gbà á pé wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Mi ò ní sọ pé Diocletian wo Carausius ló fi kọ́ ọ. Ó ní ìdí tirẹ̀, ó sì ń tún gbogbo ìjọba tò. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìgbà tí ìjọba tó tóbi jù láyé wọn fi pinnu pé kò tún sí bí bàbà ṣe lè rọ́pò fàdákà lọ́kàn ọmọ ogun mọ́, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní olè ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú, láti erékùṣù kan ṣoṣo.

Constantius kò pa ilé ìlùwó tí Carausius dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù rẹ́. Ó gbà á, ó yí orúkọ ara owó padà, ó sì ń lo ibẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀, Constantine, náà lò ó. Nǹkan bí 325 ni wọ́n tó tì í.